ÀJỌSỌ ÌRÁNTÍ LÁÀRIN ÀWỌN ÀGBÀ

Kókó tí ètò yìí dá lé lórí ni bí àwọn àgbàlagbà ṣe lè máa péjọ láti sọ ìrántí ọjọ́ tí ó ti kọjá fún ara wọn, àti ohun tí irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún wọn àti fún àwọn tí ó yí wọn ká. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tí òwe yìí ń sọ kì í ṣe ohun ìtìjú. Ohun tí ojú rí ni, ohun tí etí gbọ́, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ tọ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí gbogbo ilé bi ara rẹ̀ ni pé: ta ni ó ń bá àwọn àgbà tú ẹrù àkísà yìí wò nísinsìnyí?

Láyé àtijọ́, ẹnikẹ́ni kì í pe ìpàdé kí àgbà tó ráyè sọ ọ̀rọ̀ àná. Iṣẹ́ ni ó ń kó ènìyàn jọ, ọ̀rọ̀ a sì tẹ̀ lé iṣẹ́. Àwọn ìyá a máa ran òwú, wọn a máa bó ẹ̀gúsí, wọn a máa pa ẹ̀kùrọ́. Bí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́ ni ẹnu náà ń ṣiṣẹ́. Àwọn baba a jókòó sábẹ́ igi ọdán, wọn a máa ta ayò. Ẹni tí ó jẹ ayò a rán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ létí ọjọ́ tí wọ́n jọ ru ẹrù lọ sí ọjà ọ̀nà jíjìn, ẹni tí wọ́n jẹ ayò rẹ̀ a sì ní irọ́ ni, òun ni òun ru èyí tí ó wúwo jù. Bí oúnjẹ alẹ́ bá ti tán, àlọ́ a bẹ̀rẹ̀, ìtàn ìdílé a sì wọlé tẹ̀ lé e. Báyìí ni agbo-ilé ṣe ń tọ́jú iyè àwọn àgbà rẹ̀ láìmọ̀ pé ìtọ́jú ni òun ń ṣe.

Lónìí, ọ̀pọ̀ agbo-ilé ti túká, odi sì ti yí ilé ká. Ọmọ kan wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní Àbújá, ẹ̀kẹta ti kọjá sí òkè òkun. Ìyá tàbí baba kù sílé pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀ àti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Àwọn ọmọ kò gbàgbé òbí wọn. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n sì ń pè lórí tẹlifóònù. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fetí sí irú ìpè bẹ́ẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni yóò máa gbọ́ ní gbogbo ìgbà: Ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé ẹ ti lo oògùn yín? Ṣé owó tí a fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ yín? Ìbéèrè ìfẹ́ ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bi àgbà léèrè ohun tí òun nìkan mọ̀. Ẹni tí ó bá sì pẹ́ tí a kò ti bi í léèrè ohun tí ó mọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun kò mọ nǹkan kan mọ́.

Ìgbà kan wà tí àwọn oníṣègùn òyìnbó pàápàá ka ọ̀rọ̀ àtijọ́ lẹ́nu arúgbó sí àmì pé iyè rẹ̀ ti ń rà. Ní 1963 ni Robert Butler, oníṣègùn àrùn ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó ta ko èrò yìí. Ó ní ohun àdámọ́ ni kí ẹni tí ó rí i pé ọjọ́ ti lọ padà wo ẹ̀yìn, kí ó yẹ ìgbésí ayé rẹ̀ wò: èyí tí ó dára níbẹ̀, èyí tí ó ku díẹ̀ káàtó, ìjà tí kò tíì parí, ọpẹ́ tí kò tíì dá. Ó fi kún un pé àyẹ̀wò yìí lè mú ìfọ̀kànbalẹ̀ bá ẹnì kan, kí ó sì mú ìbànújẹ́ bá ẹlòmíràn. Nítorí náà, ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà nígbà tí ó ń yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Ẹni tí ó dá nìkan wà lè kọsẹ̀ lára èyí tí ó korò kí ó má lè dìde. Ẹni tí ó wà láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò rí ẹni tí yóò sọ fún un pé, ‘Bẹ́ẹ̀ ni tèmi náà ṣe rí.’

Láti ìgbà náà ni àjọsọ ìrántí ti di iṣẹ́ tí a ń fètò ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1981, ẹgbẹ́ Help the Aged gbé àkójọ àwòrán àti ohùn kan jáde tí wọ́n pè ní Recall, kí àwọn olùtọ́jú lè máa fi ru ìrántí àwọn arúgbó sókè. Ní 1983 ni Pam Schweitzer dá ẹgbẹ́ Age Exchange sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí àwọn àgbà bá sọ ni ẹgbẹ́ náà máa ń sọ di eré orí ìtàgé nígbà náà. Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa ohun tí ìwádìí fi hàn, kí ẹnikẹ́ni má bà a rò pé àjọsọ ìrántí jẹ́ àjídèwe. Àgbéyẹ̀wò ńlá kan tí ó jáde ní 2018 kó ìwádìí 22 jọ lórí àwọn ènìyàn 1,972 tí àrùn ìgbàgbé ń ṣe. Ó fi hàn pé àǹfààní wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọ̀, kò sì dọ́gba níbi gbogbo. Èyí tí wọ́n ṣe ní agbo dà bí ẹni pé ó ran àwọn ènìyàn náà lọ́wọ́ láti bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó sì ni àǹfààní rẹ̀ ti gbòòrò jù. Kì í wo àrùn sàn, ṣùgbọ́n ó ń la ẹnu tí ó ti dákẹ́. Ẹni tí ó ti gbé pẹ̀lú àgbà tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, kí ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìdíkàn ní ìlú Ìbàdàn. Láti 1992 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, nínú wọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun tí ó di olóògbé ní 1995, ti fi ìmọ̀ ṣọ̀kan pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà láti wádìí àrùn ìgbàgbé láàrin àwọn tí ó ti pé ọdún 65. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 sọ pé nínú 100 àgbàlagbà, àwọn tí àrùn náà ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan jẹ́ 1.35 láàrin àwọn Yorùbá Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 láàrin àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sọ pé kò sí àrùn náà nílẹ̀ Yorùbá. Ó wà, àwọn ìdílé tí ó wà nínú wọn sì mọ̀ bí ó ti nira tó.

Àǹfààní àjọsọ ìrántí kò sì mọ sí ti ìlera nìkan. Bí ọmọ kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Nígbà tí Àlùfáà Samuel Johnson ń kó ìtàn àwọn Yorùbá jọ, ẹnu àwọn àgbà ni ó lọ. Ó dárúkọ wọn nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀: David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn, àti Lágùnjú, Tìmì Ẹdẹ, tí òkìkí rẹ̀ kàn gẹ́gẹ́ bí òpìtàn. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọnù. Lẹ́yìn ikú Johnson ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, ó sì jáde ní 1921. Bí àwọn àgbà wọ̀nyẹn kò bá sọ̀rọ̀, tàbí bí ẹni tí ó gbọ́ ọ kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, kì bá sí ohun tí Obadiah ìbá tún kọ.

Báwo, nígbà náà, ni a ṣe ń dá irú agbo bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Àwọn tí ó ń ṣe é kì í kó èrò púpọ̀ jọ. Ènìyàn mẹ́fà sí mẹ́wàá ti tó, kí ọ̀rọ̀ lè kan olúkúlùkù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń pàdé, fún bíi wákàtí kan, ní ọjọ́ kan náà àti ibì kan náà, nítorí pé ohun tí ó bá mọ́ àgbà lára kì í yà á lẹ́nu. Àga ni wọ́n ń tò yípo kí ojú lè ko ojú. Ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa ni wọ́n ń fi sí ẹ̀gbẹ́ olùdarí. Ilé ìyàgbẹ́ gbọdọ̀ súnmọ́ tòsí, omi mímu gbọdọ̀ wà nílẹ̀, ariwo ẹ̀rọ amúnáwá kò sì gbọdọ̀ bo ohùn àgbà mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kókó ọ̀rọ̀. Àwọn olùwádìí ti ṣàkíyèsí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn láàrin ọdún 10 sí 30 ni iyè àgbà máa ń dì mú jù lọ. Ẹni tí ó pé ọdún 75 ní 2025, láàrin 1960 sí 1980 ni ó ti lo ìgbà èwe yẹn. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n mú wá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí òmìnira dé ní 1960. Tàbí 2 Oṣù Kẹrin 1972, tí gbogbo ọkọ̀ orílẹ̀-èdè yìí kúrò lápá òsì tí wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Tàbí àjọ̀dún FESTAC ní 1977. Ẹni tí ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò rántí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955. Ó sì lè rántí alẹ́ tí ó kọ́kọ́ rí àwòrán tí ń sọ̀rọ̀ nínú àpótí, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959.

Ohun tí a lè fọwọ́ kàn a máa yára jí ìrántí ju ọ̀rọ̀ lásán lọ. Bí àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ kí olùdarí gbé owó àtijọ́ kan lé àtẹ́lẹwọ́ ìyá àgbà kan, kí ó ní, ‘Ẹ̀yin ìyá wa, kí ni tọ́rọ́ ń rà lọ́jà nígbà náà?’ Ẹnì kan yóò dárúkọ àkàrà, ẹlòmíràn yóò ní ẹ̀kọ ni, ẹ̀kẹta yóò rántí ẹni tí ó ń tà á àti bí ó ṣe máa ń polówó rẹ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò kan oníní, ẹ̀ẹ́pìnnì, kọ́bọ̀, sísì, ṣílè àti pọ́n-ùn. Yóò kan ọjọ́ kìíní ọdún 1973 tí náírà wọlé, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, tí ṣílè kan sì di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Orúkọ kọ́bọ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n 240 kọ́bọ̀ àtijọ́ ni ó wà nínú pọ́n-ùn, 200 péré sì ni tuntun. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá tí ó ń tajà lọ́dún náà bí ó ṣe ṣe ìṣirò rẹ̀ láìsí ìwé, kí ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n. Bákan náà ni orin Yusuf Ọlátúnjí, Haruna Ìṣọ̀lá àti I. K. Dáíró, òórùn adín àgbọn, àti orúkọ irun dídì bíi ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀ àti ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ń ṣílẹ̀kùn fún ìtàn.

Ọ̀nà tí a fi ń béèrè ọ̀rọ̀ ṣe kókó púpọ̀. Àjọsọ ìrántí kì í ṣe ìdánwò. ‘Ọdún wo ni?’ jẹ́ ìbéèrè tí ó lè kó ìtìjú bá àgbà. ‘Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é?’ ni ó ń la ẹnu rẹ̀. Bí àgbà méjì bá sọ ohun kan náà ní ọ̀nà méjì, kí olùdarí má ṣe dá ẹjọ́ wọn. Kí ó jẹ́ kí ìtàn méjèèjì dúró. Ó tún yẹ kí a fi àṣà ilẹ̀ wa sọ́kàn. Níbi tí ọkùnrin àti obìnrin bá jọ jókòó, ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwọn baba. Níbi tí ẹni tí ó dàgbà jù bá ti sọ̀rọ̀, àwọn àbúrò kì í fẹ́ sọ ohun tí ó yàtọ̀ sí tirẹ̀. Nítorí náà, ó dára kí àwọn ìyá ní agbo tiwọn nígbà mìíràn, kí olùdarí sì mọ ọgbọ́n tí yóò fi bọ̀wọ̀ fún àgbà agbo láìjẹ́ kí ó gba ọ̀rọ̀ mọ́ àwọn yòókù lẹ́nu.

Ewu kò ṣàì sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń béèrè nípa 1965 sí 1966 ní Ìwọ̀-Oòrùn lè bá ẹni tí wọ́n dáná sun ilé baba rẹ̀ nígbà wẹ́tìẹ̀ pàdé. Ẹni tí ó bá ń béèrè nípa ogun 1967 sí 1970 lè bá ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò padà bọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ipá mú àgbà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fúnra rẹ̀ sọ ọ́ tí omijé sì dé, kí wọ́n má ṣe sáré pa á lẹ́nu mọ́. Ẹkún kì í dí ojú kí ó má ríran. Kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n sì rí i pé kò dá nìkan lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Ewu kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, àwọn ìdílé kan wà tí baba ńlá wọn jẹ́ ìwọ̀fà tàbí ẹrú nígbà kan rí. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti fi ọgbọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó yọ lẹ́nu nínú agbo lè di ohun tí a ó fi bú ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó tàbí lọ́jọ́ ìjà oyè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀. Agbo ìrántí kì í ṣe kóòtù, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé ohùn àgbà kúrò níbẹ̀ lọ síwájú adájọ́ láìjẹ́ kí ó mọ̀. Nísinsìnyí tí tẹlifóònù ọwọ́ lè gba ohùn sílẹ̀, àṣẹ àgbà ni a gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbà. Ó gbọdọ̀ mọ ẹni tí yóò gbọ́ ohùn náà, ó sì gbọdọ̀ lè sọ pé, ‘Ẹ yọ ibí yìí kúrò.’ Èyí tí ó bá gbà kí wọ́n tọ́jú, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ síbi méjì, kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé Johnson má bà a tún ṣẹlẹ̀.

Ti àwọn tí ó ti ń ṣarán ńkọ́? Àwọn ni ọ̀ràn yìí kàn jù lọ. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, bí ìyá arúgbó bá ń rìn kiri lóru tí kò mọ ọ̀nà ilé, tàbí tí ó bá ń pe orúkọ àwọn tí ó ti kú, ariwo àjẹ́ ni àwọn kan yóò kọ́kọ́ pa. Wọ́n ti torí bẹ́ẹ̀ lé ìyá oníyàá jáde nílé, wọ́n ti na ẹlòmíràn. Àìsàn ọpọlọ ni ó ń ṣe é. Nínú àrùn yìí, ọ̀rọ̀ àná a tètè sá lọ, ọ̀rọ̀ ìgbà èwe a sì pẹ́ kí ó tó lọ. Nítorí náà ni ìyá tí kò mọ ohun tí ó jẹ láàárọ̀ fi lè kọ orin ìgbéyàwó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ọmọ àti aládùúgbò bá gbọ́ ọ tí ó ń kọrin bẹ́ẹ̀, ó ṣòro fún wọn láti tún wò ó bí ọ̀tá. Àwọn Yorùbá tí ó ti darúgbó sí Lọ́ńdọ̀nù náà ní irú ìṣòro yìí. Bí àrùn ìgbàgbé bá dé, èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní ogójì ọdún lè sá lọ, kí Yorùbá nìkan kù. Olùtọ́jú tí kò gbọ́ Yorùbá yóò rò pé ìsọkúsọ ni wọ́n ń sọ, bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ ìyá wọn ni wọ́n ń pè.

Kò sí ìdí láti dúró de ìjọba kí iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹgbẹ́ àwọn ìyá àgbà. Mọ́sálááṣí ní ẹgbẹ́ alásàlátù. Àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ní ìpàdé oṣooṣù tí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ń gbà tán. Ní Ìjẹ̀bú, régbérégbé ti kó àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra jọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá wọn kiri. Wákàtí kan nínú àwọn ìpàdé wọ̀nyí ti tó. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá sì rán ọmọ márùn-ún wá láti jókòó gbọ́, ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé kíkà wọn ni wọn yóò mú lọ sílé: orúkọ apá òfì kọ̀ọ̀kan, orúkọ oríṣiríṣi iṣu, oríkì ìdílé tiwọn gan-an.

Ẹni tí kò bá ní agbo nítòsí lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé tirẹ̀. Nígbà tí ó bá tún pe ìyá tàbí baba rẹ̀ lórí tẹlifóònù, lẹ́yìn tí ó bá ti béèrè oúnjẹ àti oògùn tán, kí ó fi ìbéèrè kẹrin kún un: ‘Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ wà ní ọmọ ọdún méjìlá, iṣẹ́ wo ni ẹ máa ń ṣe láàárọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán?’ Kí ó sì dákẹ́, kí ó gbọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbà kò bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ibo ni ọmọdé yóò ti gbọ́ ọgbọ́n tirẹ̀? Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a dàgbà, kí a sì rí ẹni tí yóò bi wá léèrè ohun tí ojú wa rí.